Perch ńlá lábẹ́ yìnyín: ìbéèrè tó ń yọjú lọ́dọọdún àti ìdáhùn wọn

Gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti mú omi dì báyìí, ìbéèrè kan náà nípa pípa ẹja perch ńlá lábẹ́ yìnyín ni wọ́n máa ń bi mí, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kẹ́ni tó bá fẹ́ lè rí i kà. Minnesota ni mò ń gbé, torí náà àwọn adágún ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ bá Wisconsin, Michigan àti North Dakota mu. Adágún inú ilẹ̀ là ń sọ o, Great Lakes ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní perch yìí, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Yellow perch lorúkọ ẹ̀ ní kíkún. Ara ẹ̀ yẹ́lò tó ti fẹ́ di gíríìnì, ó ní ìlà dúdú bíi mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tó wá láti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, lẹbẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Lẹbẹ́ méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ti iwájú yẹn ẹ̀gún ni gbogbo ẹ̀, ẹ rọra dì í mú. Ẹja míì tó ń jẹ́ walleye, tó bá ṣì kéré, lè fẹ́ jọ ọ́ lójú ẹni tí ò tíì mọ̀ wọ́n, àmọ́ ẹ wo ẹnu: walleye ní eyín gígùn ṣóńṣó, perch ò ní.

Ẹran ẹ̀ funfun, ó dùn, kò rùn. Ẹ dín in, ẹ fi ṣe pẹpẹsúùpù, kò sí èyí tí kò gbà. Ìpẹ́ ẹ̀ ló le, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ń ha á, wọ́n kàn ń bó awọ ẹ̀ dànù ni.

Perch tó tó báwo la ń pè ní ńlá?

Ínṣì 8, ó tó jẹ. Ínṣì 10, ẹ ti ṣe dáadáa nìyẹn. Láti ínṣì 12 sókè ni wọ́n ń pè ní jumbo, yóò sì máa lọ sí bíi páùn kan. Èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ lágbàáyé jẹ́ páùn 4 àti áúnsì 3, Bordentown ní New Jersey ni wọ́n ti pa á lọ́dún 1865, odò ni o, kì í ṣe adágún, títí di òní kò sì tíì sí ẹni tó pa èyí tó jù ú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn torí a máa padà sí i: àwọn abo ló ń tóbi, akọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà tó wọn. Tẹ́ ẹ bá rí perch ínṣì 13, abo ni, kò sí iyèméjì púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí o. Báwo ni yìnyín ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kí n tó tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀rù yẹn dáa, ẹ má jẹ́ kó lọ. Fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ínṣì 4 yìnyín tuntun tó mọ́ kedere ni DNR Minnesota sọ, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti igbó. Ínṣì 5 sí 7 fún snowmobile, ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí sínóò, ínṣì 9 sí 10 fún mọ́tò kékeré. Tí yìnyín ọ̀hún bá funfun, tí sínóò ti pò mọ́ ọn, ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì.

Wíwọ̀n tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n létí omi ò sọ nǹkan kan nípa àárín adágún. Ibi tódò ti ń wọlé, abẹ́ afárá, ibi tómi ti ń sun láti ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ. Ẹ mú irin gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín dání, kẹ́ ẹ máa gún iwájú yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ wọ life jacket sábẹ́ kóòtù, ẹ fi ice picks, irin ṣóńṣó méjì tó ní ọwọ́, kọ́ ọrùn torí tẹ́ ẹ bá já sínú omi ohun tẹ́ ẹ máa fi fa ara yín jáde nìyẹn, ọwọ́ lásán á máa yọ̀ ni. Ẹ má dá lọ. Tẹ́ ẹ bá sì tan híítà nínú àgọ́, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, èéfín carbon monoxide kì í rùn, kì í ṣeé fojú rí, ó sì ń pa èèyàn.

Ṣé mo nílò láísẹ́ńsì? Mélòó ni mo lè kó lọ sílé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Minnesota, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní in, tẹ́ ẹ bá sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọjọ́ 60, owó ọmọ ìlú lẹ máa san, kì í ṣe ti àlejò. Ohun kan tó máa ń mú àwọn èèyàn wa rèé: láísẹ́ńsì ọ̀hún máa ń kú nígbà tí February bá parí. Èyí tẹ́ ẹ rà nígbà ooru ò ní bá yín dé March, March yẹn gan-an sì ni perch ńlá máa ń jẹ dáadáa.

Perch 20 lójúmọ́, 40 lápapọ̀ ní Minnesota, èyí tó wà nínú firísà yín náà wà lára 40 yẹn. Michigan dín tiẹ̀ kù láti 50 sí 25 lọ́dún 2019. Okùn 2 lẹ lè ta lẹ́ẹ̀kan lórí yìnyín ní Minnesota, 3 ní Wisconsin àti Michigan, 4 ní North Dakota. Àwọn adágún kan wà tí òfin tiwọn yàtọ̀, ẹ wo ìwé òfin ọdún yẹn kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Kí ni kí n rà tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́?

Auger, irin tí wọ́n fi ń lu ihò sínú yìnyín, èyí tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ yí, ti ínṣì 6, ó tó perch. Ọ̀pá kúkúrú kan tórí ẹ̀ rọ̀, okùn tó lè gbé páùn 3 tàbí 4, spoon kékeré méjì mẹ́ta (irin pẹlẹbẹ tó ní ìwọ̀ nídìí), àti jig tungsten díẹ̀ (ìwọ̀ kékeré tí irin wúwo wà lórí ẹ̀). Àga ìjókòó ńkọ́? Korobá tẹ́ ẹ kó nǹkan sí náà lẹ máa dojú ẹ̀ dé tẹ́ ẹ máa jókòó lé.

Tówó bá wá wà, sonar, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo abẹ́ omi, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe àgọ́. Mo mọ̀ pé òtútù ló ń bà yín lẹ́rù jù, àmọ́ àgọ́ máa ń dá èèyàn jókòó sójú kan, ìjókòó sójú kan ni kì í jẹ́ kéèyàn rí perch ńlá. Sonar á sọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá nǹkan wà lábẹ́ ihò yẹn, bí omi ṣe jìn tó, bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá le tàbí ó rọ̀.

Adágún wo ni kí n lọ?

Adágún tí perch ti pọ̀ jù kọ́ ni wọ́n ti ń tóbi jù, èyí kì í tètè yé àwọn èèyàn. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ wọ́n á kàn rán ni, ẹ ó máa fa ẹja ínṣì 5 àti 6 jáde látàárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà tán, wọn ò kàn tóbi ni. Ẹ wá adágún tí walleye àti northern pike ti ń bá wọn jẹ àwọn kékeré kù, tó sì ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó fẹ̀ nísàlẹ̀, torí inú ẹrẹ̀ yẹn loúnjẹ wà.

Ní Minnesota, Winnibigoshish, Leech Lake àti Mille Lacs ti lórúkọ tipẹ́ fún perch ńlá. North Dakota ní Devils Lake, níbi tí wọ́n ti ń jẹ edé kékeré inú omi sanra. Michigan ní Gogebic lókè lọ́hùn-ún. Ní Idaho, Lake Cascade ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà kan, ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn bá dín ẹja pikeminnow tó ń jẹ ọmọ perch kù, wọ́n kó perch àgbà láti ibòmíì wá síbẹ̀ láàárín 2004 sí 2006, ní báyìí perch tó ju páùn 2 lọ ń jáde níbẹ̀ látabẹ́ yìnyín.

Àmọ́ ẹ ò ní láti wakọ̀ dé Idaho. DNR Minnesota ní LakeFinder lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ adágún àdúgbò yín, ẹ máa rí máàpù bó ṣe jìn, ẹ máa rí iye ẹja tó wọnú àwọ̀n wọn àti bí wọ́n ṣe gùn tó. Adágún tó jẹ́ pé perch díẹ̀ ni wọ́n mú níbẹ̀ àmọ́ tí èyí tó ju ínṣì 9 wà nínú díẹ̀ yẹn, mo máa lọ síbẹ̀ ṣáájú ibi tí wọ́n ti mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kékeré.

Kí ló dé tó jẹ́ pé kékeré nìkan ni mò ń pa?

Torí pé ẹ jókòó tì wọ́n. Perch máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́, àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu àti àwọn tí ara wọn dọ́gba ló ń rìn pọ̀, bí àwọn ọmọ kíláàsì kan náà tó ń jáde níléèwé. Tẹ́ ẹ bá ti fa mẹ́rin márùn-ún jáde tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, ẹ má retí pé ìkẹfà á jẹ́ ínṣì 12. Kò sí láàárín wọn.

Ẹ dìde. Kì í ṣe ìṣísẹ̀ márùn-ún lẹ máa ṣí o, ẹ yí jíjìn omi padà tàbí ẹ yí irú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ padà. Ìyẹn ló nira fáwọn èèyàn torí pé ẹja ń jẹ, ọwọ́ ń dí, inú ń dùn, ta ló fẹ́ fi ẹja tó ń jẹ sílẹ̀? Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ lè fi kékeré sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ẹ gba èyí.

Ibo gan-an nínú adágún ni kí n lu ihò sí?

Ó dá lórí ìgbà tó jẹ́. Nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, láàárín December, etí koríko inú omi tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ṣì dáa, lápá ìta níbi tí koríko ti parí tí omi ti ń jìn lọ. Koríko tó ti kú, tó ti di búráùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Láti January sí àárín February, àwọn ńlá ti lọ sínú omi jíjìn, fíìtì 20 sí 40 ní ọ̀pọ̀ adágún, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi ìsàlẹ̀ níbẹ̀ máa ń wà ní bíi dígírì 4 Celsius, ó móoru ju èyí tó kan yìnyín lọ. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé, ọmọ kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn àmọ́ tí kì í jẹni, àti ọmọ kòkòrò mayfly tó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀. Perch ńlá á máa rìn káàkiri orí ẹrẹ̀ yìí, á máa dorí kodò, á máa ṣa wọ́n jẹ. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ààlà, ibi tí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ti parí tí ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní ẹsẹ̀ òkìtì tó dá dúró láàárín omi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ààlà yẹn? Lórí sonar, ilẹ̀ líle máa ń yọ ní ìlà tó nípọn tó mọ́lẹ̀ yòò, ilẹ̀ rírọ̀ á fẹ́lẹ́ á sì ṣú. Ẹni tí ò ní sonar, kó ju spoon tó wúwo sílẹ̀ kó jẹ́ kó kanlẹ̀. Lórí òkúta, ọwọ́ yín á gbọ́ kọ̀ì. Nínú ẹrẹ̀, okùn á kàn dẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá wá ń fà á, ó máa ṣe bíi pé nǹkan dì í mú díẹ̀ kó tó tú, ẹ ó sì rí ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú lẹ́nu ìwọ̀ nígbà tó bá jáde.

Tó bá di March, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sí ẹ̀bá àwọn ibi tí wọ́n máa yé ẹyin sí tí yìnyín bá ti yọ́, ìyẹn inú kọ̀rọ̀ tí omi ò jìn tí koríko àti igi wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kọ̀rọ̀ yẹn lóde kẹ́ ẹ tó wọnú. Ìgbà yìí náà ni yìnyín léwu jù, ẹ má gbàgbé irin yín.

Àwọn adágún kan wà tí ò jìn rárá, tí kò ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ jíjìn. Níbẹ̀, inú koríko tútù làwọn ńlá máa wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ lókè fi í sílẹ̀.

Ihò mélòó ni kí n lu?

Ó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ lu mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà kan láti ilẹ̀ líle dé ilẹ̀ rírọ̀, kẹ́ ẹ lu gbogbo ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó ta okùn sílẹ̀, torí ariwo náà. Lẹ́yìn náà ẹ máa lọ láti ọ̀kan sí ìkejì, ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá tó bá pọ̀ jù, tí nǹkan ò bá yọjú lórí sonar, ẹ tẹ̀ síwájú. Ihò tó bá mú ẹja ńlá kan jáde, ẹ fi àmì sí i lórí fóònù, kẹ́ ẹ tún padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n máa ń yí po ni.

Aago mélòó ló dáa jù?

Ojúmọmọ. Ojú ni perch fi ń wá oúnjẹ, tílẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á balẹ̀ sísàlẹ̀, ó tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó dúró lórí adágún lóru, ẹja míì bíi walleye tàbí crappie ló ń wá.

Kí ni mo máa fi ṣe ìjẹ?

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ní. Àkọ́kọ́, spoon tó ń dán, tó tó ìdá mẹ́jọ áúnsì, kẹ́ ẹ gé orí ẹja minnow kékeré mọ́ ìwọ̀ ẹ̀. Ìyẹn ló ń pè wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, ó sì máa ń le àwọn kékeré díẹ̀. Ìkejì, jig tungsten kékeré tó ní ìdin lẹ́nu, wọ́n ń pè é ní waxworm tàbí spikes ní ṣọ́ọ̀bù. Ní Michigan, ọmọ mayfly gan-an ni wọ́n ń tà lóòyẹ̀, wigglers lorúkọ tí wọ́n fún un, perch kì í sì í kọ̀ ọ́.

Ẹja àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá pa, ẹ la ikùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá bá ìdin pupa tó dì pọ̀ ní ìdì kan, jig kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ egungun ẹja tàbí ẹ̀ka ọwọ́ crayfish, ìyẹn ẹ̀dá inú omi tó jọ edé ńlá, ẹ lo spoon. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń pọ ohun tí wọ́n jẹ sórí yìnyín fúnra wọn, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ gbá a.

Minnow tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú ihò, òfin ò gbà á. Inú ike ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Mò ń rí wọn lórí sonar, wọ́n á wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á lọ. Kí ni kí n ṣe?

Perch fẹ́ràn àtojúbọ̀, ẹ lò ó fún wọn. Ẹ jẹ́ kí spoon kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹrẹ̀ gbéra díẹ̀, ó máa dà bíi pé nǹkan ń jẹun níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá rọra gbé e sókè ní ínṣì 6 sí fíìtì 1, kẹ́ ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ kàn máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo sonar: èyí tó bá dá yà kúrò nísàlẹ̀ tó tẹ̀lé e gòkè, òun lẹ fẹ́, ẹ máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa gbé e mì.

Tó bá gòkè tó tún padà, ẹ ti ń gbọ̀n ọ́n jù. Tí ò bá gòkè rárá, ẹ yọ spoon, ẹ ju jig kékeré sílẹ̀, ìdin kan ṣoṣo, ẹ fi í lélẹ̀ láìmì. Àwọn ńlá kì í já ìjẹ gbà bí kékeré ṣe ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà orí ọ̀pá á kàn gòkè díẹ̀ bíi pé ìwọ̀ ti já. Ẹ fà á nígbà yẹn.

Ẹja wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà lọ, kò sí nǹkan kan. Ṣé wọ́n ti pa wọ́n tán ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí adágún náà bá kéré tí èrò sì dé, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n kàn ṣí lọ ni. Bí sínóò bá nípọn lórí yìnyín, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé, koríko á kú, gbogbo nǹkan tó ń jẹrà nísàlẹ̀ á máa jẹ ọ́síjìn. Ibi tó jìn jù ni ọ́síjìn ti máa kọ́kọ́ lọ. Torí náà tí ihò fíìtì 35 yín bá ṣófo ní February, ẹ wá sí fíìtì 25, ẹ wá sí 20, lórí ẹrẹ̀ kan náà. Ẹ má tún gbàgbé pé ẹja tó dá léfòó láàárín omi lè jẹ́ perch tí ọ́síjìn ìsàlẹ̀ ò tó mọ́.

Nígbà tí mo fà á jáde, nǹkan kan wú jáde lẹ́nu ẹ̀. Ṣé mo lè dá a padà sómi?

Àpò oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn. Perch ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, kò sì lè tú afẹ́fẹ́ yẹn jáde kíákíá, tẹ́ ẹ bá fà á láti ibi tó ju fíìtì 30 lọ, afẹ́fẹ́ á wú, á ti àpò oúnjẹ jáde. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, á kàn léfòó sábẹ́ yìnyín, á sì kú síbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn ni pé ẹ ò lè máa ṣà wọ́n nínú omi jíjìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa ogún, tẹ́ ẹ dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà kẹ́ ẹ lè rí èyí tó tóbi jù, láti fíìtì 40, ẹ ti pa gbogbo ẹ̀ náà ni, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i. Ẹ kó èyí tẹ́ ẹ pa, kékeré àti ńlá, tó bá ti pé ẹ lọ sílé. Bí kékeré nìkan bá ń jáde níbi jíjìn, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá.

Mo rí nǹkan yẹ́lò kéékèèké nínú ẹran ẹ̀. Ṣé ó ṣeé jẹ?

Kòkòrò ni, yellow grub ni wọ́n ń pè é, láti ara ìgbín inú omi ló ti ń bọ́ sára ẹja, inú ẹyẹ bíi heron ló sì ti ń parí ayé ẹ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ọ́ tó bá ń rí yín lára, ẹ se ẹja náà jinná dáadáa, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Abo ńlá tí mo pa ní March kún fún ẹyin. Ṣé kì í ṣe pé mò ń ba adágún jẹ́?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù. Ẹyin yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní March, ó ti ń dàgbà nínú ẹ̀ láti ìgbà tí ewé ti ń já, abo tẹ́ ẹ pa ní January náà ò yé ẹyin mọ́. Torí náà ẹni tó ń kó ogún ńlá lójoojúmọ́ ní January tó wá ń bínú sí ẹni tó mú márùn-ún ní March, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tọ́. Iye tẹ́ ẹ kó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ló ṣe pàtàkì.

Àwọn ńlá yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tó bẹ́ẹ̀. Nínú adágún kékeré, ọ̀wọ́ ńlá kan ṣoṣo lè wà níbẹ̀, tí èrò bá gbọ́, ìgbà òtútù kan ti tó láti kó o tán, ẹ ó sì dúró pẹ́ kí òmíì tó dàgbà. Ohun témi ń ṣe ni pé mo máa ń kó èyí tó wà láàárín ínṣì 9 sí 11, ìyẹn ló dùn jù náà, èyí tó bá ju ínṣì 12 tí mo pa nínú omi tí ò jìn, fíìtì 10 tàbí 15, mo máa ń dá a padà kíákíá kí ojú àti ẹnu ẹ̀ tó dì nínú atẹ́gùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó tutù lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ inú omi jíjìn, mo máa ń ka iye tí ilé mi máa jẹ lọ́sẹ̀ yẹn, tó bá ti pé, mo ká okùn.